Láwàní Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹlẹ́dẹ̀ tó wé láwàní ló lé Mọ̀múdù kúrò nílé-ìwé.

Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ẹlẹ́mìí o. Ta ni yóò gbójú gbóyà fa ẹlẹ́dẹ̀ wọ àdúgbò Òkè Aláwọ n'Ílọrin, níṣojú gbogbo àáfà? Ẹlẹ́dẹ̀ inú ìwé ni. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó ṣì jẹ́ tuntun, tí rélùwéè ṣì jẹ́ ohun tí àwọn arúgbó ń jáde lọ wò, ìjọba dá ilé-ìwé kékeré kan sílẹ̀ ní Òkè Aláwọ. Ìwé ábídí tí wọ́n kó wá fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí ìwé náà dé orí lẹ́tà Ẹ, wọ́n ya ẹlẹ́dẹ̀ kan síbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé èèyàn jẹ ẹ́ ní gbèsè. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Àlùfáà ń sin ẹlẹ́dẹ̀.*

Màálàm Danjuma, tíṣà wọn, jáde lọ ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan. Abdulraheem tó jókòó ti Mọ̀múdù ti gègé bọ tàdáwà, ó fa ìwé tí àwọn méjèèjì jọ ń lò sọ́dọ̀, ó sì wé láwàní ńlá sí ẹlẹ́dẹ̀ náà lórí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí wọ́n gbúròó bàtà Màálàm ni ẹ̀rù ba Mọ̀múdù. Ó tutọ́ sí ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu láwàní náà kúrò, kí wọ́n má baà na ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láwàní kò nù. Tàdáwà ló ràn mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ọrùn-ọwọ́. Báyìí ni Màálàm ṣe bá a.

Màálàm kò ṣe ìwádìí tó gùn. Ó wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Mọ̀múdù ní, "Abdulraheem ni." Màálàm yíjú sí Abdulraheem, ọmọ àáfà ńlá, ọmọ tó ti ka Àlùkùránì dé ìdajì kí eyín rẹ̀ tó pàrọ̀ tán. Abdulraheem wolẹ̀. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan, òun kò tilẹ̀ rí i. Màálàm fa ojú ewé náà ya kí ọmọ mìíràn tó lè yọjú sí i, ó jù ú sínú iná, ó wá fi ẹgba bá Mọ̀múdù sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọjọ́ náà gan-an ni bàbá Mọ̀múdù wá mú un lọ sílé. Bàbá ní bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ òun dé ibi wíwé láwàní fún ẹlẹ́dẹ̀, òun rò pé ìwé tó kà ti tó.

Bí Mọ̀múdù ṣe di aláwọ nìyẹn. Awọ ewúrẹ́ ló ń fi ṣe àpò ìwé fún àwọn oníkéwú, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àáfà fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Ṣùgbọ́n orúkọ tí láwàní yẹn sọ ọ́ kò kúrò lára rẹ̀. Bó bá dé ọjà Ìpàtà lọ ra awọ, wọn á ní, "Mọ̀múdù wo ló wá? Ṣé Mọ̀múdù Ẹlẹ́dẹ̀ ni?" Nígbà tó fẹ́ fẹ́ Husseinat, àna rẹ̀ bi í léèrè ní ojú gbogbo ẹbí pé ṣé kò ní ya nǹkan sára ògiri ilé fún wọn. Àwọn ọmọ tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ pàápàá, Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rò pé orúkọ oríkì ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì wọ inú Mọ̀múdù, kì í jáde. Inú rẹ̀ dà bí àpò tó ń rán: ohun tó bá ti kó síbẹ̀, òjò kò lè rin ín. Abdulraheem dàgbà, ó di igbákejì Lèmọ́mù àdúgbò. Ìgbàkígbà tó bá ń ṣíwájú ìrun, Mọ̀múdù á gba inú òjò kọjá lọ kírun ní mọ́sálásí mìíràn. Bí wọ́n bá ń ṣe sàráà nílé Abdulraheem, Mọ̀múdù á lọ, á jókòó, á jẹ ẹran, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmín sí àdúà tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀. Husseinat bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹran yẹn kì í ṣe ara sàráà ni.

Ó ní, "Ẹran kò bá mi jà."

Gbogbo ìlú ń pe Abdulraheem ní Àáfà, wọ́n sì ń sọ "ẹ" sí i. Mọ̀múdù nìkan ló ń sọ "ìwọ". Gbogbo àáfà ló ní àpò awọ tí Mọ̀múdù rán. Abdulraheem nìkan ni kò ní. Nígbà tó ránṣẹ́ wá pé kí wọ́n rán ọ̀kan fún òun, Mọ̀múdù ní awọ ti tán, bẹ́ẹ̀ orí òkìtì awọ ló jókòó lé tó fi fèsì iṣẹ́ náà. Ikán ló wá ń bá Abdulraheem ka ìwé rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Mọ̀múdù ń fẹ́. Kò fẹ́ kí Abdulraheem kú, kò fẹ́ kó ṣàìsàn. Ó fẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ níwájú èèyàn, kó sọ pé, "Èmi ni." Ó tán.

Àwa tí a mọ Abdulraheem mọ̀ pé ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìwé tún dé.

Ìwé ábídí ọjọ́sí náà ni wọ́n ṣì ń kà nílé-ìwé. Tíṣà ti pàrọ̀. Mùsílíù, ọmọ Ìlọrin tó lọ kàwé lódìkejì odò Ọya, ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìdí oúnjẹ ni Abdulraheem wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tùwó wà lọ́wọ́, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá. Bí wọ́n ṣe ń ké kéwú ló ṣe ń ké e, ó ń mi síwá sẹ́yìn: "Àlùfáà ń sin ẹlẹ́dẹ̀! Àlùfáà ń sin ẹlẹ́dẹ̀!" Àwọn tó wà níbẹ̀ ní òkèlè há Àáfà lọ́fun, wọ́n sì gbá a lẹ́yìn kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kó tó di ìrun Ìṣáì, ó ti dé ọ̀dọ̀ Mágàjí Sàní, olórí àdúgbò, ó ní kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nílé-ìwé, kó má sì tún sí ọmọ Òkè Aláwọ tí yóò fọwọ́ kàn án títí ayé. Tíṣà Mùsílíù ní bí ìwé yẹn bá lọ, ilé-ìwé ti di òfìfo, nítorí ìjọba kò fún òun ní òmíràn. Mágàjí ní kí gbogbo èèyàn pàdé ní iwájú ilé òun ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àláásárì.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, Abdulraheem fúnra rẹ̀ wá sí ìsọ̀ Mọ̀múdù. Kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà lọ́mọdé.

"Àsàlámù àlékùn, Mọ̀múdù."

Èèwọ̀ ni kí Mùsùlùmí má dáhùn sálámà. Mọ̀múdù yíjú sí awọ ewúrẹ́ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Wàálékùn sálámù, ìwọ ewúrẹ́."

Abdulraheem gbé e mì. "Ọ̀rọ̀ ìlú ló gbé mi wá. Ìwé burúkú yẹn, a fẹ́ kí wọ́n kó o dànù. Ìwọ lo sì mọ̀ ju gbogbo wa lọ bó ṣe ń ba ọmọ jẹ́."

"Èmi?"

"Ìwọ. Wò ó, mi ò dá ọ lẹ́bi. Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Ìwé ló sún ọ dé ibi tó o dé. Bó o bá lè dìde lọ́la, kó o sọ fún Mágàjí pé, 'Ẹ wò mí, ìwé yìí ló mú mi wé láwàní fún ẹlẹ́dẹ̀,' gbogbo èèyàn á ṣàánú rẹ."

Irin tí Mọ̀múdù fi ń lu ihò sí awọ yẹ̀, ó gún un lọ́mọ ìka. Ó fi ìka sẹ́nu, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lójú. Ó wá a títí bóyá ìtìjú á wà ní ojú yẹn. Ó rí irùngbọ̀n. Ó rí tìróò. Kò rí ìtìjú.

"Abdulraheem. Ìwọ lò ń bá mi sọ eléyìí?"

"Ọ̀rọ̀ ti pẹ́, Mọ̀múdù. Ọlọ́run Aláforíjìn ni."

"Ọlọ́run ni. Èmi ń rán awọ. Máa lọ, o ń ṣíji bo iṣẹ́ mi."

Nígbà tó lọ tán, Husseinat tó ti ń fetí sí wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jáde. "Bàbá Salimat, ẹ ò ṣe dá sí i fún wọn? Ṣebí ìwé yìí náà lẹ ń ṣépè fún lánàá òde yìí, tẹ́ ẹ ní kí àrá sán an?"

"Èpè àná nìyẹn. Ìwé náà dára."

"Láti ìgbà wo ló ti dára?"

"Láti ìgbà tí Abdulraheem ti ní kò dára."

Husseinat pàtẹ́wọ́. "Kò burú. Bó bá ní òòrùn ń mú lọ́la, ẹ rántí bo kúbùsù jáde."

Ní ọjọ́ Àlàmísì, iwájú ilé Mágàjí kún. Àwọn àáfà jókòó sórí ẹní ní iwájú, àwọn oníṣòwò wà lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹni pé wọ́n ń kọjá lọ ni. Tíṣà Mùsílíù wọ ṣòkòtò kaki péńpé, ó sì gbá ìwé náà mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ kọ ilà fún. Ibi tí Mọ̀múdù ti lè rí ojú Abdulraheem dáadáa ló jókòó sí.

Mágàjí ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà kà á. Ariwo sọ. Àwọn kan fi aṣọ bo etí.

"Mágàjí, àṣìṣe ni kí inú bí wa," ni Tíṣà wí. "Àlùfáà àwọn onígbàgbọ́ ni ẹni tó tẹ ìwé yìí ní lọ́kàn. Àwọn kò ka ẹlẹ́dẹ̀ sí èèwọ̀. Bí àwa ṣe ń sin ewúrẹ́ ni àwọn ń sin ẹlẹ́dẹ̀."

Abdulraheem dìde. "Níbo ni ọmọ Òkè Aláwọ ti rí àlùfáà onígbàgbọ́ rí? Bí ọmọ mi bá pe àlùfáà, ta ló ń rí lójú? Èmi ló ń rí! Ọmọ tí mo bí ń ké e nílé mi pé mò ń sin ẹlẹ́dẹ̀! Ta là ń sìn láyé, Mágàjí? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run Ọba nìkan là ń sìn?"

"Àáfà, sin yẹn kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ti ọ̀sìn ni."

"Pe ti ọ̀sìn ká gbọ́," ni Mágàjí wí.

"Ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀."

"Pe ti ẹ̀sìn."

Tíṣà nu ojú. "Ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀."

"Èwo ni ìyàtọ̀ níbẹ̀?"

"Inú ọkàn ẹni tó ń kà á ni ìyàtọ̀ wà, Mágàjí."

Bàbá kan tó ń ta iyọ̀ nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Bóyá ó kú ni, tí àlùfáà wá ń sin òkú rẹ̀. Ìyẹn náà, sin ni."

"Tàbí kó jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ló wá kí wọn," ni obìnrin kan sọ lẹ́bàá ògiri, "tí àlùfáà wá ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọlúàbí kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ."

Ẹ̀rín bẹ́. Abdulraheem gbé ọwọ́ sókè títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. Ó ní ẹ̀rín yẹn gan-an ni ohun tí òun ń wí: ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àgbàlagbà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Mágàjí létí. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó o kúrò, ó parí, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe bí wọ́n bá kó o kúrò?

"Ká sun ún," ni Abdulraheem wí.

Tíṣà ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn. "Ẹ wo ibí. Wọ́n kọ ọ́ pé *Ọlọ́run ló dá ayé.* Ṣé ẹ ó sun orúkọ Ọlọ́run?"

Àwọn àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọ̀kan ní lẹ́tà Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, kò dájú pé ó kan Ọlọ́run. Èkejì ní kí ẹni náà lọ bi Ọlọ́run léèrè ná. Wọ́n ní kí wọ́n dà á sínú odò Asà. Àwọn obìnrin pariwo pé ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ omi táwọn ń pọn. Wọ́n ní kí wọ́n fà á ya fún àwọn alákàrà kí wọ́n máa fi di àkàrà. Mágàjí alára ló fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tó gbọ́ ìyẹn.

"Ó dáa," ni Abdulraheem wí, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. "Bí a ṣe ń ṣe tákàdá kéwú tó bá gbó náà ni ká ṣe é. Èmi fúnra mi á gbẹ́ ilẹ̀, màá sì sin ìwé náà."

Mọ̀múdù fò dìde. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ bá mi gbọ́ o! Àlùfáà fẹ́ẹ́ sin ẹlẹ́dẹ̀!"

Ilẹ̀ mì. Bàbá oníyọ̀ dojú dé orí ẹní. Àwọn obìnrin di ara wọn mú. Tíṣà Mùsílíù, tí kò yẹ kó rẹ́rìn-ín, fi ìwé náà bojú, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mágàjí ní, "Àáfà, ó ti ẹnu yín ṣẹ. Ìwé náà kò purọ́."

Ojú Abdulraheem pọ́n. Ó nàka sí Mọ̀múdù.

"Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹ wò ó dáadáa! Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Ọmọ ilé rere ni Mọ̀múdù kó tó pàdé ìwé yìí. Inú ìwé yìí ló ti wé láwàní, láwàní Ànábì, fún ẹlẹ́dẹ̀! Ojú mi kò rí i o, Ọlọ́run kò jẹ́ kí ojú mi rí irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló gbọ́. Bí ìwé bá lè ba ọmọ kan jẹ́ báyìí, tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́dẹ̀ di òní, ṣé ẹ tún fẹ́ kó ba tiyín jẹ́?"

Ẹ̀rín kú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mọ̀múdù rí i pé ojú àánú ni wọ́n fi ń wo òun, gẹ́lẹ́ bí Abdulraheem ṣe ṣèlérí fún un. Ẹnì kan sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn pé, "Òótọ́ ni, Ẹlẹ́dẹ̀ la ń pè é." Husseinat wà láàárín àwọn obìnrin, ó ti fi ìborùn bo ojú.

Mágàjí ní, "Mọ̀múdù, o gbọ́ ohun tí Àáfà wí. Ìwọ lo wé láwàní fún ẹlẹ́dẹ̀ yẹn?"

Láti ọdún wọ̀nyí wá ni Mọ̀múdù ti ń ṣètò ohun tí yóò sọ bí ọjọ́ yìí bá dé. Ó ti fi kún un, ó ti yọ kúrò, ó ti sọ ọ́ fún awọ ewúrẹ́ títí awọ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó la ẹnu, kò rí ìkankan níbẹ̀. Ohun tó rí ni ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, bó ṣe jókòó sójú ewé pẹ̀lú láwàní rẹ̀.

"Èmi kọ́, Mágàjí. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹ ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé èmi ni. Mi ò ní wé e ní ìwékúwèé bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe wé e?"

"Gèlè ni." Mọ̀múdù fi ọwọ́ júwe rẹ̀ lórí ara rẹ̀. "Bí ìyàwó ilé tó gbọ́ pé òjò ń bọ̀, tó sáré lọ kó aṣọ. Ó wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gan-an, ojú ń tì í."

Ẹ̀rín tún ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ̀múdù kò wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Abdulraheem ló ń wò. Gbogbo ẹni tó bá kéwú yanjú ní Òkè Aláwọ, ọwọ́ Abdulraheem ni wọ́n ti ń wé láwàní. Wọ́n ń ti Ọ̀fà wá pè é. Ètè Abdulraheem ń gbọ̀n báyìí. Mọ̀múdù rí i, ó sì fà á bí ẹni ń fa okùn nínú awọ.

"Kò bo etí. Kò ní ìrù lẹ́yìn. Ẹni tó wé e, mo rò pé òṣùká ló mọ̀ ọ́n wé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò wé láwàní rí nílé bàbá rẹ̀."

"Irọ́ ni!"

Abdulraheem ti wà lórí ìdúró. "Irọ́ gbuu lò ń pa! Ó ní ìrù! Apá òsì ni mo jẹ́ kó wálẹ̀ sí, mo sì fà á gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá, bí bàbá mi ṣe ń wé e gẹ́lẹ́! Etí méjèèjì ni mo bò, bẹ́ẹ̀ etí ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ohun tó ṣeé bò bọ̀rọ̀! Ta ló ń wé irú ẹ̀ ní gèlè?"

Ó dákẹ́. Gbogbo èèyàn ti dákẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ewúrẹ́ kan tó ń họ ara mọ́ ògiri Mágàjí pàápàá dúró.

"Àáfà," ni Mágàjí wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ ní ojú yín kò rí i."

"Mo... wọ́n sọ fún mi ni."

"Wọ́n sọ ti àgbọ̀n fún yín?"

Abdulraheem wo àwọn àáfà ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo ẹní. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ jìnnà. Ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ tí àwọn tó wà níwájú nìkan gbọ́. Mágàjí gbọ́ ọ. Ó mi orí títí, ó wá kọjú sí Tíṣà.

"Tíṣà, máa kó ìwé rẹ lọ. Ọmọ tí a ní ìwé yìí bà jẹ́, òun kọ́ ló ya láwàní náà. Ẹni tó yà á sì wá di igbákejì Lèmọ́mù, a ń kírun lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìwé bá ba ọmọ jẹ́ tó bàjẹ́ dé ibi báyìí, kó máa bà wọ́n jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá dé orí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, sọ fún àwọn ọmọ pé ó ti kú, òkú rẹ̀ ni àlùfáà ń sin."

Tíṣà kí i títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ, wọ́n ń wá bàtà.

Mọ̀múdù kò kúrò. Ó ní, "Mágàjí, ọ̀rọ̀ ìwé ti parí. Tèmi kù."

Wọ́n tún jókòó. Mọ̀múdù rìn lọ bá Abdulraheem, ó sì lósòó síwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń lósòó ti ara wọn nígbà tí wọ́n ń ta òkòtó.

"Kí lo ṣe tí o ò sọ ọ́?"

Abdulraheem kò gbé ojú sókè. "Bàbá mi wà láàyè. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni n ó jẹ Lèmọ́mù. Mo rò pé wọn á nà ọ́ díẹ̀ ni, á tán. Mi ò mọ̀ pé bàbá rẹ á mú ọ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àyè rẹ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sùn lẹ́nu èèyàn, Mọ̀múdù, ó máa ń wúwo sí i ni."

"Lánàá ńkọ́? Tó o wá bá mi nísọ̀?"

"Mo ti ń pa irọ́ náà bọ̀, ó ti ń jọ òótọ́ lójú mi."

Mọ̀múdù fi apá aṣọ nu ojú kíákíá. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i kó máa sunkún nítorí Abdulraheem, ìyẹn náà á tún di orúkọ.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ta ló tún gbọ́?"

"Mágàjí gbọ́."

"Mágàjí kò pè mí ní Ẹlẹ́dẹ̀ rí. Àwọn tó ń pè mí wà lẹ́yìn ògiri lọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn wà lójú ọ̀nà Ìpàtà, wọ́n ń ra ẹ̀wà. Ohùn tó o fi ń pe ìrun dà?"

"Mọ̀múdù, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má sọ 'ẹ' sí mi. Dìde."

Abdulraheem wo Mágàjí. Mágàjí ń wo ojú ọ̀run, bí ẹni ń wò ó bóyá òjò yóò rọ̀. Husseinat ti ṣí ìborùn kúrò lójú, ó sì ti sún mọ́ iwájú débi pé ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn àáfà.

Abdulraheem dìde. Ó tún láwàní orí rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí etí bí ladáànì. Ó fa èémí títí agbádá rẹ̀ fi wú, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn odi lọgun pé:

"Ẹ̀yin ará Òkè Aláwọ! Mọ̀múdù kọ́ o! Èmi ni! Èmi Abdulraheem ni mo wé láwàní fún ẹlẹ́dẹ̀!"